Ọwọ́ Tí Ń Rẹ́ Ògiri



Láti New Benin níhìn-ín, ọ̀nà kò jìn dé Òpópónà Sokponba, níbi tí ilé Olóyè Ogiamien wà. Nígbà tí àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun ìlú Ìbíní ní oṣù Kejì ọdún 1897, iná jó ààfin àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé. Ilé yìí wà lára ìwọ̀nba tí iná náà kò run.

Ẹni tí ó bá wọ inú rẹ̀ yóò rí àgbàlá tí a dá àárín òrùlé rẹ̀ sí gbangba fún ìmọ́lẹ̀ àti òjò, àti ògiri amọ̀ pupa tí a fa ìlà gbọọrọ sí lára, ọ̀kan lórí èkejì, tí a sì fi ọwọ́ pa títí ó fi dán. Láyé ọjọ́un, irú ìlà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn. Ti Ọba àti àwọn ìjòyè ńlá ni.

Ṣùgbọ́n ògiri tí iná kò pa, òjò lè pa á. Bí a kò bá tún un rẹ́, yóò lanu, aláǹgbá yóò sì rí ibi wọ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn obìnrin tí ń kun ògiri ojúbọ Òrìṣà Ìkirè mọ èyí: bí ọdún bá yí po, wọn a tún un kùn. Kì í ṣe ìbọ náà ni a ń yìn, bí kò ṣe ọwọ́ tí kò jẹ́ kí iṣẹ́ àwọn ìyá parẹ́.

Ìjọba kéde ilé Ogiamien ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 1959. Ó dára, ṣùgbọ́n orúkọ nìkan kì í gba ilé là. Ìlọ́jọ̀ Bar ní Èkó, ilé àwọn Àgùdà tí a kọ́ ní 1855, gba irú orúkọ náà ní 1956. Síbẹ̀ a wó o palẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016.

Àwa àlùfáà pàápàá kò mọ́ nínú ọ̀ràn yìí. A ti rí i tí a fi ọ̀dà funfun bo àwòrán ara ògiri ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́, tí a sì pè é ní àtúnṣe. Nítorí náà, kí ẹ tó fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ilé amọ̀ baba yín, ẹ dúró ná. Sìmẹ́ńtì àti amọ̀ kì í ṣọ̀rẹ́. A máa sé omi mọ́ amọ̀ nínú títí yóò fi wó. Ẹ ya àwòrán ògiri náà, ẹ wá àgbà tí ó mọ bí a ti ń pò amọ̀ rẹ̀, ẹ sì fi ọmọ kan tì í kí ó kọ́ ọ.

Olúwa wa tí ó bọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní aginjù ní kí a ṣa èérún tí ó kù jọ. Kí Ó fún wa ní ọwọ́ tí ń ṣa nǹkan jọ. Àmín.