Láàárín Ọ̀bẹ àti Ọbẹ̀: Iṣẹ́ Ilé àti Èdè Ọmọdé

Ìyá ń dáná alẹ́, ó bi ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́ta pé, "Ọ̀bẹ dà?" Ọmọ nawọ́ sí ìkòkò tó wà lórí iná. Ìyá rẹ̀ kò jágbe mọ́ ọn. Ó ní, "Ọbẹ̀ nìyẹn. Ọ̀bẹ ni mo ní. Èwo la fi ń bẹ iṣu?" Ọmọ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó nawọ́ sí ọ̀bẹ tó wà nínú àwo: "Ọ̀bẹ rèé!" Ohùn ọ̀rọ̀ méjì ti yà sọ́tọ̀ létí rẹ̀.

Èdè Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ iṣẹ́ ọwọ́. Ṣíbí kan là ń mú, ìkòkò là ń gbé, abọ́ tó bá pọ̀ là ń kó, omi inú àmù là ń bù. À ń bẹ iṣu, à ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, à ń ṣa ẹ̀wà. Aṣọ tí a bá fọ̀, à á ṣàn án, à á fún un, kí a tó sá a. Ibi tí iṣẹ́ ti ń lọ lọ́wọ́ ni irú ìyàtọ̀ báyìí ti ń wọ ọmọ lára. Ọmọ tó bá ń wo bí wọ́n ṣe ń sẹ́ ògì yóò gbọ́ pé asẹ́ ni wọ́n fi ń sẹ́ ẹ; tí wọ́n bá ń jọ èlùbọ́, ajọ̀ ni wọ́n ń lò. Ó ti rí bí orúkọ ṣe ń jáde lára ọ̀rọ̀-ìṣe, ọdún púpọ̀ kí olùkọ́ kan tó pè é ní mofọ́lọ́jì fún un.

Àwọn onímọ̀ náà ti wádìí ọ̀rọ̀ tí ọmọ ń gbọ́ nílé. Ní 1995, àwọn olùwádìí Betty Hart àti Todd Risley tẹ ìwé jáde lórí ìdílé 42 ní Kansas, l'Amẹ́ríkà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí àwọn òbí tálákà ń bá ọmọ wọn sọ kéré jọjọ sí ti àwọn olówó. Douglas Sperry àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ta ko èyí ní 2019: tí a bá ka ọ̀rọ̀ gbogbo ẹni tó ń tọ́jú ọmọ, àti èyí tí ọmọ ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó yí i ká, àlàfo náà kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá dàgbà ní agbo ilé mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ṣùgbọ́n gbígbọ́ nìkan kò tó. Ìwádìí Rachel Romeo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 2018, lórí ọmọ 36 tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà, fi hàn pé ọ̀rọ̀ àsọgbà láàárín àgbà àti ọmọ ṣe pàtàkì fún ọpọlọ ju iye ọ̀rọ̀ tí wọ́n dà sí ọmọ létí lọ. Ilé tí gbogbo ọ̀rọ̀ ti jẹ́ "Gbà!" àti "Gbé e síbẹ̀ yẹn!" ń rán ọmọ níṣẹ́ ni, kò fún un lédè.

Ilé-ìwé náà lè fún ọmọ lédè. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Àmọ́ ọmọ ti lo ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà nílé kó tó dé ọ̀dọ̀ olùkọ́.

Nínú ọdún wọ̀nyẹn, iṣẹ́ ilé ti ń kọ́ ọmọ lédè. Ẹ wo pípín ṣíbí nìkan. Ọmọ á ka ení, èjì, ẹ̀ta. Tó bá dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà, á kúnlẹ̀: "Ìyá àgbà, ẹ gba ṣíbí." Tó bá kan àbúrò rẹ̀: "Gba ṣíbí." Bó bá gbàgbé "ẹ", ìyá àgbà á di ṣíbí mú, á bi í pé, "Kí lo wí?" títí yóò fi tún un sọ.