Kòkòrò Tó Ń Jẹ Ẹ̀fọ́

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ náà ló wà. Ẹnu ẹni tí nǹkan ń dùn la ti sábà máa ń gbọ́ òwe yìí. Owó sọnù nínú ilé, wọ́n pa á. Àṣírí tú síta, wọ́n pa á. Bí obìnrin kan bá sì wà nílé ọkọ fún ọdún mélòó kan tí kò lóyún, tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò tí wọ́n bá ìju nínú ilé ọmọ rẹ̀, àwọn ẹbí á tún fi òwe yìí la ẹnu, ojú á sì máa wá orogún, ìyá ọkọ, tàbí ẹni tó bu oúnjẹ fún un níbi ìnáwó kan. Bẹ́ẹ̀, òwe kò sọ pé ẹnì kan ló rán kòkòrò sí ẹ̀fọ́. Ara ẹ̀fọ́ ló ní kí a yẹ̀ wò. N kò rí ẹni tó yẹ ara wò báyìí dé gbòǹgbò tó àwọn onímọ̀ tó ń fi èkúté ṣe ìwádìí, ohun tí wọ́n rí ni mo sì fẹ́ fi ṣàlàyé òwe náà.

Ilé ọmọ èkúté kò rí bíi tènìyàn. Ó pín sí apá méjì tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀kan lọ sọ́tùn-ún, ìkejì lọ sósì, inú apá méjèèjì sì ni àwọn ọmọ máa ń tò sí nígbà oyún. Bí a bá la inú abo èkúté tó ti dàgbà, tí ẹnikẹ́ni kò fún ní oògùn tàbí májèlé kankan rí, a lè bá ẹran kékeré kan tó fi ìdí tẹ́ẹ́rẹ́ so rọ̀ nínú ihò apá kan. Pólíìpù ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í sì í tàn kálẹ̀. Ìran èkúté tí wọ́n ń pè ní Fischer 344, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sìn ní Yunifásítì Columbia ní New York ní 1920, wà lára àwọn tí wọ́n mọ̀ mọ́ ọn jù. Kò sẹ́ni tó fi sí wọn lára. Bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè ló ń hù.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. National Toxicology Program, tí ìjọba Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní 1978, ló ń yẹ àwọn kẹ́míkà wò bóyá wọ́n lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Wọn á fún ọ̀wọ́ èkúté kan ní kẹ́míkà náà fún ọdún méjì, ọ̀wọ́ mìíràn á máa jẹ oúnjẹ lásán. Àádọ́ta akọ àti àádọ́ta abo ló sábà máa ń wà nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọdún méjì bá pé, wọn á tú gbogbo wọn wò. Bí wọ́n bá rí pólíìpù nínú àwọn tó jẹ kẹ́míkà, wọn kì í dá kẹ́míkà lẹ́bi lójú ẹsẹ̀. Ìbéèrè tí wọn máa ń kọ́kọ́ bi ni pé: mélòó ló hù nínú àwọn tí a kò fún ní nǹkan kan? Bí iye méjèèjì bá sún mọ́ra, wọ́n tú kẹ́míkà sílẹ̀. Ìdájọ́ òdodo gidi ni mo ka èyí sí. Kò sí agboolé tí mo mọ̀ tó ń ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó dárúkọ ìyàwó àgbà.

Ìju yàtọ̀ sí pólíìpù. Inú iṣan ògiri ilé ọmọ gan-an ló ti ń hù, ó sì ṣọ̀wọ́n nínú ọ̀pọ̀ ìran èkúté. Ìran kan wà tó ń ní in lọ́pọ̀lọpọ̀, ìtàn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti inú kíndìnrín. Ní 1954, dókítà ará Norway kan tó ń jẹ́ Reidar Eker ròyìn nípa àwọn èkúté kan ní Oslo tí kókó ń hù nínú kíndìnrín wọn, tí wọ́n sì ń jogún rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ òbí. Nígbà tó di 1961, òun àti Mossige fi hàn pé jíìnì kan ṣoṣo ló wà nídìí rẹ̀, àti pé bí ọmọ bá gbà á lọ́dọ̀ baba nìkan tàbí lọ́dọ̀ ìyá nìkan, ó ti tó. Ó ku ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó rí jíìnì náà fúnra rẹ̀. Tsc2 ni, ohun tó sì bà á jẹ́ yẹ ní wíwò fínnífínní. Nínú àbùdá èkúté, bíi ti ọ̀pọ̀ ẹranko, àwọn àjákù fáírọ́ọ̀sì àtijọ́ wà tó ti di ara ogún ìran, tí òbí ń gbé fún ọmọ. Ẹ̀dà ọ̀kan nínú wọn ló lọ há sí àárín Tsc2. Èkúté náà kò kó o lára ẹnikẹ́ni.

Síbẹ̀, a ń bí èkúté tó jogún àbùkù yìí ní pípé, ó ń ṣeré, ó ń bímọ. Ìdí ni pé ẹ̀dà méjì jíìnì kọ̀ọ̀kan ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ baba, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Iṣẹ́ Tsc2 ni láti dá sẹ́ẹ̀lì dúró kó má dàgbà kọjá ààlà, ẹ̀dà kan tó dára sì lè ṣe iṣẹ́ náà. Èyí tó bá jogún ẹ̀dà méjèèjì ní bíbàjẹ́, inú oyún ló ń kú sí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo bá pàdánù ẹ̀dà kejì, kò sí ohun tí yóò sọ fún un mọ́ pé ó tó. Alfred Knudson ló kọ́kọ́ gbé àlàyé ẹ̀ẹ̀mejì yìí kalẹ̀ ní 1971, nígbà tó ń ṣàyẹ̀wò àrùn jẹjẹrẹ ojú àwọn ọmọdé. Lẹ́yìn náà, òun pẹ̀lú bá àwọn èkúté Eker ṣiṣẹ́.

Ní Texas ni Cheryl Walker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti wá kọjú sí ilé ọmọ. Ní 1995 wọ́n jẹ́ kó yé ayé pé nínú ọgọ́rùn-ún abo èkúté Eker, nǹkan bíi márùndínláàádọ́rin ló ń ní ìju nígbà tí wọ́n bá fi pé oṣù méjìlá sí mẹ́rìndínlógún. Sẹ́ẹ̀lì iṣan ni ìju náà, ó ń gbọ́ ti ẹ́sítírójìn, họ́mónù abo, bíi ti obìnrin.

Kí ló dé tí àwọn yòókù kò ní in, nígbà tí gbogbo wọn jogún àbùkù kan náà? Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2005 dá apá kan ìbéèrè yìí lóhùn. Wọ́n fún àwọn ọmọ èkúté ní DES, oògùn tó ń ṣe bí ẹ́sítírójìn, nígbà tí ilé ọmọ wọn ṣì ń tò. Oògùn yìí ni àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà ti fún àwọn aláboyún fún ọ̀pọ̀ ọdún kí oyún má baà wálẹ̀, títí ìjọba fi kìlọ̀ ní 1971 nítorí jẹjẹrẹ tó ń yọ lára àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n bí. Nígbà tí àwọn èkúté náà dàgbà, àwọn tó ní ìju nínú wọn ju àádọ́rùn-ún lọ nínú ọgọ́rùn-ún, ìju wọn sì pọ̀, ó sì tóbi. Ohun tó mú mi dúró jù ni ti àwọn èkúté tí Tsc2 wọn pé. Oògùn kan náà ni wọ́n gbà, ìju kò hù nínú wọn. Ohun tó wá láti òde kò rí nǹkan ṣe níbi tí àbùkù kò ti sí nínú.

Èkúté kì í ṣe ènìyàn o. Tsc2 kọ́ ló sábà ń bà jẹ́ nínú ìju obìnrin. Ní 2011, àwọn onímọ̀ ní Finland rí i pé jíìnì mìíràn, MED12, ló yí padà nínú nǹkan bí àádọ́rin ìju nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n yẹ̀ wò. Bí a bá sì fẹ́ ṣe ìṣirò tí wọ́n ń ṣe fún èkúté, ìwádìí kan wà láti Washington tó jáde ní 2003: kí obìnrin tó pé àádọ́ta ọdún, ó lé ní ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti ní ìju, àwọn aláwọ̀ funfun sún mọ́ àádọ́rin. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ rárá. Ohun tó wọ́pọ̀ tó báyìí, ta ni a óò sọ pé ó ń fi ránṣẹ́?

Ẹ̀rí kan tún wà pé inú ara ni ìju ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ti pẹ́ ju ìwádìí méjì yìí lọ. G6PD jẹ́ purotéènì kan nínú ara, A àti B jẹ́ méjì nínú àwọn irú rẹ̀, irú A sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọ Áfíríkà. Obìnrin tó jogún méjèèjì, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń lo ọ̀kan péré, iṣan ara rẹ̀ a sì jẹ́ àdàlù. Ní 1965, Linder àti Gartler gé ìju irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ wò. Kò sí àdàlù nínú ìju kankan. Yálà A nìkan ni, tàbí B nìkan, bí ọ̀kan tilẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì nínú ilé ọmọ kan náà. Inú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí pé ara ló ti ń bẹ̀rẹ̀, tí a sì lè jogún ohun tó ń fà á, dókítà máa ń bèèrè bóyá ìyá ẹni tàbí ẹ̀gbọ́n ẹni lóbìnrin ti ní ìju rí, ó sì yẹ kí obìnrin ti bi wọ́n kó tó lọ.