Òjìji Lójú Olórin: Láti Àjàṣẹ́ dé Kútọnu àti Èkó

 Ọ̀rọ̀ fọ́tò la gbé wá lónìí, pàápàá fọ́tò olórin.

Bí a bá wo fọ́tò àwọn bàbá wa dáadáa, a ó rí i pé wọn kò fẹ́ òjìji rárá. Ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò á wọ aṣọ tó dára jù, á jókòó gbagidi, á gbé ọwọ́ lé itan, á sì kọjú sí ẹ̀rọ kí ojú méjèèjì lè hàn. Ní 1978, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Stephen Sprague kọ̀wé nípa àwọn onífọ́tò Ìlá Ọ̀ràngún, ó sì ṣàkíyèsí pé ìjókòó yìí jọ ti ère tí àwọn agbẹ́gilére wa ti ń gbẹ́ tipẹ́tipẹ́. Ó tún rí i pé fọ́tò ti ń gba ipò ère ìbejì nígbà tí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú. Ẹni tí a fẹ́ máa rántí gbọ́dọ̀ hàn. Bí ìdajì ojú bá wọ òkùnkùn, oníbàárà lè ní kí wọ́n dá owó òun padà! Ní Àjàṣẹ́ tiwa, Joseph Moïse Agbodjelou (1912–2000) wà lára àwọn àgbà onífọ́tò tí òkìkí wọn kàn.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ òru ni iṣẹ́ olórin. Àwọn tó ń ya olórin jáàsì ní Amẹ́ríkà tètè mọ èyí lò. Francis Wolff, Júù kan tó sá kúrò ní Jámánì ní 1939, ló ń ya àwọn olórin Blue Note nígbà tí wọ́n bá ń gbohùn sílẹ̀. Iná á wá láti ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀yìn olórin á sì dúdú kirikiri. Herman Leonard a máa gbé iná sí ẹ̀yìn wọn: fọ́tò tó ya Dexter Gordon ní 1948, pẹ̀lú èéfín sìgá tó gba ojú òfuurufú, ṣì wà káàkiri títí dòní. Ní 1963, Robert Freeman fi ìdajì ojú àwọn Beatles sínú òkùnkùn lórí èèpo àwo With the Beatles.

Ohun kan wà tí a gbọ́dọ̀ sọ níbí. Àwọ̀ funfun ni ti àwọn Beatles, nítorí náà ààlà òkùnkùn hàn kedere lójú wọn. Bí ẹni tí kò mọṣẹ́ bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí èèyàn dúdú, gbogbo ojú ló máa rì sínú òkùnkùn, eyín nìkan ló máa kù. Fíìmù aláwọ̀ ti Kodak gan-an, ara òyìnbó ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀: obìnrin òyìnbó ló wà lórí káàdì tí wọ́n ń pè ní Shirley fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọgbọ́n mìíràn ni àwọ̀ dúdú ń fẹ́. Dídán ara ni onífọ́tò tó mọṣẹ́ ń wá. Á gbé iná kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ tàbí sẹ́yìn, kó kan òógùn iwájú orí, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti idẹ fèrè. Ibi tó ń dán ló máa sọ bí ojú ṣe rí. Nígbà tí Robert Farris Thompson bi àwọn àgbà ilẹ̀ wa léèrè ohun tó ń mú ère dára, wọ́n dárúkọ híhàn, wọ́n sì dárúkọ dídán. Lójú tiwa, fọ́tò olórin tó wà nínú òkùnkùn sọ èkíní nù, ó sì di èkejì mú ṣinṣin.

Ọ̀nà mìíràn ni Lágbájá gbà ní Èkó. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni Bísádé Ológundé ti ń fi aṣọ bojú, gbogbo wa sì mọ ìtumọ̀ orúkọ tó sọ ara rẹ̀. (Àwo rẹ̀ ti 1996 ń jẹ́ C'est Un African Thing, àfi bí ẹni pé àwa ará Bẹ̀nẹ̀ ló ń bá wí.) Onífọ́tò tó ń ya Lágbájá lè tan gbogbo iná tó ní, kó yà á lọ́sàn-án gangan, àṣírí náà kò ní tú. Ọ̀dọ̀ egúngún ni irú ọgbọ́n yẹn ti wá. Ẹ wo àwọn egúngún tí Leonce Raphael Agbodjelou, ọmọ Joseph Moïse, yà ní Àjàṣẹ́. Àwọ̀ aṣọ wọn ń tàn yanran, kò sí ibi tó ṣókùnkùn, síbẹ̀ ìbéèrè tí kò yẹ kéèyàn bi ni pé ta ló wà nínú ẹ̀kú.

Ní Kútọnu ńkọ́? Mélomé Clément dá Orchestre Poly-Rythmo sílẹ̀ ní 1968. Seidou Adissa ló ni Albarika Store tó gbé ọ̀pọ̀ àwo wọn jáde, ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí alùbáríkà jẹ́. Wọ́n a máa sọdá ààlà lọ gbohùn sílẹ̀ ní EMI l'Ékòó. Lórí púpọ̀ nínú èèpo àwo ayé ìgbà yẹn, ńṣe ni ẹgbẹ́ tò bí ẹbí tó ń ya fọ́tò ọdún. Orin tó wà nínú àwo, tí ìlù vodun ń dún lábẹ́ gìtá, ló ní òjìji. Fọ́tò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ní. Nígbà tí àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í tún àwọn orin yìí gbé jáde, fọ́tò àtijọ́ wà lára ohun tí wọ́n wá kiri.

Ohun tó ń dùn wá ni pé lórí ọ̀pọ̀ èèpo àwo wọ̀nyẹn, orúkọ olórin wà, ti ilé iṣẹ́ wà, ti onífọ́tò kò sí. Ọ̀rinrin etí òkun kì í sì í jẹ́ kí fíìmù pẹ́. Nítorí náà, ẹ̀yin ará, bí fọ́tò olórin kan bá wà nínú àpótí bàbá tàbí ìyá yín, yálà Poly-Rythmo ni, Gnonnas Pedro ni, tàbí ẹgbẹ́ àdúgbò tí kò lókìkí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ yí i sẹ́yìn. Bóyá òǹtẹ̀ onífọ́tò wà níbẹ̀. Ẹ ya iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa pẹ̀lú orúkọ ẹni tó yà á.