Ọ̀bẹ Àpò Tẹ́ẹ́rẹ́: Ìtàn Irin Kékeré tí Ó Ń Gbé inú Èèkù Ara Rẹ̀

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Ọ̀bẹ tí wọ́n ní lọ́kàn ni èyí tí irin rẹ̀ dúró gbọn-in lórí èèkù, tí àkọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ohun ọ̀tọ̀ tí a fi awọ rán. Ọ̀bẹ àpò tí ó ṣeé ká kò rí bẹ́ẹ̀. Èèkù rẹ̀ náà ni àkọ̀ rẹ̀. Bí ẹni tí ó ni ín bá ti lò ó tán, yóò ká irin náà wọ inú èèkù, ẹnu mímú náà yóò fara pamọ́, ọ̀bẹ yóò sì wọ àpò ṣòkòtò bí ìgbà tí ènìyàn fi kọ́kọ́rọ́ sí i.

Bí irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ ṣe di ohun ìlò ojoojúmọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àròkọ yìí ń tọ pinpin, àti ìdí tí ó fi jẹ́ pé èyí tí ó kúrú, tí kò sì ní ìdè, nìkan ni òfin ilẹ̀ náà fi sílẹ̀ kí ènìyàn máa mú rìn láìsọ ìdí. Fún Yorùbá tí ó fi Peckham tàbí Manchester ṣe ilé, ọ̀rọ̀ náà ju ìtàn lásán lọ. Irin tín-ínrín kan tí ń ti ojú ọ̀bẹ pa, tàbí ìdá kan nínú ínṣì, lè sọ ohun ìlò di ẹjọ́.

Ọ̀bẹ kíká kì í ṣe nǹkan àná. Ní Hallstatt, ní ilẹ̀ Austria, níbi tí àwọn ará àtijọ́ ti ń wa iyọ̀ nínú òkè, a rí ọ̀kan tí wọ́n fi egungun ṣe èèkù rẹ̀, tí ọjọ́ orí rẹ̀ sì tó nǹkan bí 2,500 ọdún. Àwọn ará Róòmù náà lò ó. Ọ̀kan tí wọ́n fi fàdákà ṣe wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Fitzwilliam ní Cambridge: ṣíbí, fọ́ọ̀kì àti irin ọ̀bẹ ni wọ́n jọ ń ká pọ̀ sára nǹkan kan ṣoṣo, bí ẹni pé àwọn ológun Switzerland ti rán ènìyàn lọ ṣe é ṣáájú àkókò. Lẹ́yìn èyí ni ti àwọn akọ̀wé. Nígbà tí ó jẹ́ pé ìyẹ́ ẹyẹ ni a fi ń kọ̀wé, ìyẹ́ náà a máa kú lẹ́nu lẹ́yìn ojú ewé díẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ máa gbẹ́ ẹ. Gbogbo ẹni tí ó bá mọ̀wé kọ ni ó ní láti ní ọ̀bẹ kékeré kan nítòsí. Láti ibẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń pe ọ̀bẹ àpò ní ọ̀bẹ gègé títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹ́ ti kúrò lọ́wọ́ akọ̀wé tipẹ́.

Ìlú tí ó sọ ọ̀bẹ yìí di ti gbogbo ayé ni Sheffield, ní Yorkshire. Òdò márùn-ún ni ó ń sàn wọ ìlú náà láti orí òkè, agbára omi wọn ni ó sì ń yí àwọn òkúta ìpọ́nbẹ. Òkúta tí ó dára fún iṣẹ́ náà wà ní ilẹ̀ wọn pẹ̀lú. Orúkọ ìlú náà ti kàn ní ọ̀rúndún kẹrìnlá: Chaucer, nínú ìtàn tí ó fi sẹ́nu alámòójútó oko kan, sọ ti ọlọ́lọ̀ kan tí ó ki ọ̀bẹ Sheffield bọ inú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Ti ọlọ́lọ̀ yẹn kò ṣeé ká ní tirẹ̀. Ní 1624, òfin ilé ìgbìmọ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ ọ̀bẹ agbègbè Hallamshire sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ni ó ń fún oníṣẹ́ ní àmì tí yóò máa lù sára irin rẹ̀, tí ó sì ń rí i pé ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ parí kò gba orúkọ ọ̀gá.

Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún yẹn ni ọ̀bẹ tí ó ní sípíríǹgì lẹ́yìn tàn kálẹ̀ ní Sheffield. Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí òun gan-an ni òfin òde òní ń fi ṣe òṣùwọ̀n. Irin ọ̀bẹ ń yí lórí ìṣó kan ní ìdí rẹ̀. Irin mìíràn, tí ó gùn tó èèkù, tẹ́jú sí ẹ̀yìn ọ̀bẹ, ó sì ń tẹ ìdí irin àkọ́kọ́ náà mọ́lẹ̀. Nígbà tí a bá ń ṣí i, sípíríǹgì yóò gbé ara sókè díẹ̀, yóò tún já wálẹ̀, ọ̀bẹ yóò sì dúró. Kò sí ohun tí ó tì í pa. Agbára sípíríǹgì nìkan ni ó mú un dúró, bí a bá sì fi ọwọ́ tẹ ẹ̀yìn ọ̀bẹ náà dáadáa, yóò padà sílé. Àwọn ọ̀gá Sheffield a máa gbé e sétí: ìró tí ó bá dún nígbà tí ó ń ṣí àti nígbà tí ó ń padé ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà pé. Bí sípíríǹgì bá rọ̀ jù, ọ̀bẹ lè ká lé ìka lórí. Bí ó bá le jù, èékánná ni yóò san gbèsè rẹ̀. Bí oníṣẹ́ kò bá sì wọn ìdí irin náà dáradára, ẹnu ọ̀bẹ yóò máa gbá sípíríǹgì nígbàkígbà tí a bá pa á dé, yóò sì kú. Ọ̀bẹ tí ń wó ilé ara rẹ̀ nìyẹn, ní ti gidi.

Irin tí ó dára fún sípíríǹgì kò rọrùn láti rí. Benjamin Huntsman, aṣe-aago kan láti Doncaster, ni ó yanjú rẹ̀ ní àwọn ọdún 1740. Sípíríǹgì aago ni ó ń wá irin fún. Ó yọ́ irin nínú ìkòkò amọ̀ títí tí ó fi di omi, gbogbo ìdọ̀tí rẹ̀ sì kúrò, irin náà sì wá dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ní àwọn alágbẹ̀dẹ Sheffield kọ̀ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́ pé ó le jù fún ọwọ́ wọn, àfi ìgbà tí wọ́n rí i pé àwọn ará Faransé ń rà á, tí wọ́n sì ń fi í rọ ọ̀bẹ tí ó borí tiwọn.

Ọ̀bẹ àpò kan kì í ti ọwọ́ ẹnì kan jáde nígbà náà. Ẹnì kan ni yóò rọ irin, ẹlòmíràn ni yóò pọ́n ọn, ẹnì kẹta ni yóò fi egungun, ìwo àgbọ̀nrín, eyín erin tàbí ìkarahun òkun ṣe èèkù rẹ̀, tí yóò sì so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá. Wọ́n háyà yàrá kékeré, wọ́n ń gba iṣẹ́ ṣe fún ẹni tí ó bá gbé e wá; “ọ̀gá kéékèèké” ni ìlú ń pè wọ́n. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó lórúkọ ni ó ń kó ọjà náà tà. Joseph Rodgers, tí ó lókìkí jù nínú wọn, ṣe ọ̀bẹ kan fún àfihàn ńlá ti 1851 ní London tí ó ní irin 75. Ilé-iṣẹ́ kan náà ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn ní 1822 pẹ̀lú irin 1,822, wọ́n sì ń fi ọ̀kan kún un lọ́dọọdún. Ẹwà kò wọ́n lára wọn, ṣùgbọ́n kò sí àpò tí ó lè gbà wọ́n; ọ̀ṣọ́ ìpolówó lásán ni.

Iye tí ó san ọ̀bẹ olówó pọ́ọ́kú wà nínú ẹ̀dọ̀fóró àwọn apọ́nbẹ. Òkúta tí ń yí ń fọ́n eruku sí afẹ́fẹ́, wọ́n sì ń fà á símú láti òwúrọ̀ di alẹ́. Friedrich Engels, nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1845 lórí ipò àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ẹ̀rí dókítà kan ní Sheffield kalẹ̀: ẹni tí ń pọ́n irin ní gbígbẹ kì í sábà kọjá ọdún 35 láyé, ẹni tí ń lo omi kì í sábà kọjá 45. Ẹ̀rọ tí ń fa eruku jáde ti wà nígbà náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilé-iṣẹ́ ni ó fi í sí ipò, àwọn apọ́nbẹ mìíràn pàápàá sì kọ̀ ọ́, nítorí wọ́n ní bí ẹ̀mí bá gùn, òṣìṣẹ́ yóò pọ̀ jù, owó ọ̀yà yóò sì wálẹ̀. Ó ṣòro láti ka ọ̀rọ̀ yẹn kí ènìyàn sì tún fi ojú àtijọ́ wo ọ̀bẹ ayé Victoria tí ń dán nínú gíláàsì.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá kéékèèké tí ó kẹ́yìn, Stan Shaw, wọ iṣẹ́ náà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà ogun àgbáyé kejì. Ọ̀bẹ àpò ni ó ṣe títí tí ó fi kú ní 2021, tí ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, a sì ti fi oyè ìjọba dá a lọ́lá kí ó tó lọ.

Sheffield nìkan kọ́ ni ó ń rọ ọ ṣá. Ní 1890, Joseph Opinel, ọmọ alágbẹ̀dẹ ní àwọn òkè Savoie ní Faransé, ṣe ọ̀bẹ onígi fún àwọn àgbẹ̀: irin kan, ìṣó kan, igi kan tí a là láàárín, kò sì sí sípíríǹgì rárá. Ní 1955 ni ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fi òrùka irin kan kún un tí a ń yí láti ti ojú ọ̀bẹ pa. Ní Switzerland, Karl Elsener fún àwọn ológun ní ọ̀bẹ wọn ní 1891, ó sì forúkọ èyí tí ó fúyẹ́ jù, tí a ń pè ní ti ọ̀gágun, sílẹ̀ ní 1897.

Òfin ni ó wá pín ọ̀nà láàárín wọn. Òfin 1953 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ pé ohunkóhun tí ènìyàn bá mú dání láti fi ṣe ẹlòmíràn léṣe, ohun ìjà ni. Òfin 1959 fi òfin de títa ọ̀bẹ tí ń fò yọ bí a bá tẹ bọ́tìnì. Ti 1988 ni ó kan àpò gbogbo ènìyàn: a kò gbọ́dọ̀ mú ohun ẹlẹ́nu mímú rìn ní gbangba láìní ìdí tí ó mọ́gbọ́n dání, àfi ọ̀bẹ àpò kíká tí ẹnu rẹ̀ kò ju ínṣì mẹ́ta lọ, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 7.62. Òfin náà fúnra rẹ̀ ka iṣẹ́, ẹ̀sìn àti aṣọ ìbílẹ̀ mọ́ ìdí tí ó tọ́. Ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí “kíká” jẹ́.

Ilé ẹjọ́ ni ó sọ ọ́. Nínú ẹjọ́ Harris ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn adájọ́ sọ pé ọ̀bẹ tí òfin yọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé ká nígbàkígbà nípa kíká nìkan. Èyí tí ó bá di pé a kọ́kọ́ tẹ nǹkan kan kí ó tó ká, bí ẹni mú ọ̀bẹ ilé ìdáná rìn ni. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tẹ̀ lé èrò náà ní 1998. Ohun tí ó yani lẹ́nu níbẹ̀ ni pé ìdè náà wà láti dáàbò bo ìka ẹni tí ń lo ọ̀bẹ, síbẹ̀ òun ni ó sọ ọ́ di ohun tí òfin fura sí. Bẹ́ẹ̀ ni Opinel kékeré tí kò ní òrùka wà lábẹ́ ààbò òfin, tí ti nọ́ńbà 8 tí àwọn arìnrìn-àjò ń rà bọ̀ láti Faransé kò sì sí níbẹ̀. Ìyà ẹ̀ṣẹ̀ náà ti lè di ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin. Ìnira rẹ̀ kò sì pín dọ́gba, nítorí ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú ni ọlọ́pàá London ń dá dúró tú àpò rẹ̀ jù. Ní Amẹ́ríkà ẹ̀wẹ̀, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nígbà mìíràn ìlú kọ̀ọ̀kan, ni ó ní òfin tirẹ̀.

Báyìí ni sípíríǹgì àtijọ́ ti Sheffield ṣe padà sípò ọlá. Spyderco, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tí ó fi ìwọ́ tí ń di ọ̀bẹ mọ́ etí àpò gbayì láti 1981, ṣe ọ̀kan fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò ní ìdè, tí ẹnu rẹ̀ kò tó ínṣì mẹ́ta. Ẹni tí ó bá fẹ́ yan tirẹ̀ ní láti wo bí ó ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó ṣáájú bí ó ṣe gùn tó, nítorí ọ̀bẹ tí ó bá wúwo nínú àpò, ilé ni yóò pẹ̀yìn sí. Kí ó ṣí i, kí ó pa á dé, kí ó tẹ́tí sí i. Kí ó gbé e síwájú iná, kí ó wò ó bóyá irin náà dúró sí àárín gbùngbùn èèkù. Irin tí kì í dípẹtà rọrùn fún ẹni tí kò ní sùúrù. Irin lásán ń mú ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí òkúta ìpọ́nbẹ, ó sì ń fẹ́ ẹ̀kán òróró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan níbi ìṣó rẹ̀.

Páálí tí a fi ránṣẹ́ ni ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ ń là jù, àti okùn, àti àpò ìrẹsì. Ṣùgbọ́n níbi bíbó ọsàn ni a ti ń mọ̀ ọ́n. Ọ̀bẹ tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ ń tẹ̀ lé ara ọsàn yíká láìgé e dé inú, èèpo a sì máa já wálẹ̀ ní ọ̀já kan ṣoṣo, gẹ́gẹ́ bí àwọn obìnrin ọlọ́sàn ṣe ń ṣe é lẹ́bàá ọ̀nà ní Ìbàdàn. Omi ọsàn náà yóò sọ irin lásán di aláwọ̀ eérú ní ọjọ́ àkọ́kọ́, yóò di aláwọ̀ aró kí oṣù náà tó parí, àwọ̀ yẹn kò sì ní ṣí kúrò mọ́.