Àyẹ̀wò láàárín Òfin àti Ẹ̀sìn: Láti Èbúté-Mẹ́ta dé Mushin

Ní ọdún 1916, ìjọba amúnisìn fi ìwé òfin ìwà ọ̀daràn kan ṣoṣo lélẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà. Nínú ìwé náà bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí, abala 424 sọ pé ẹni tó bá díbọ́n pé òun ń ṣe àjẹ́ tàbí oṣó, tó bá ń sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn lọ́la, tàbí tó ní òun lè fi awo mọ ibi tí ohun tí wọ́n jí wà, lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún kan jura. Inú òfin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1735 ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Ó gba ìwé òfin Queensland ní Ọsirélíà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Òfin 1735 yìí kò bá àjẹ́ jà gẹ́gẹ́ bí àjẹ́. Jìbìtì ló kà á sí. Ìdí nìyẹn tí abala 424 fi wà ní orí kan náà pẹ̀lú abala 419, èyí tí kò sí ọmọ Èkó tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì wọ́gi lé tiwọn ní 1951. Tiwa ṣì wà nínú ìwé òfin ìjọba àpapọ̀.

Ohun tí òfin náà ń bá wí kò fi bẹ́ẹ̀ jọ iṣẹ́ babaláwo. Ẹni tó wá ṣe àyẹ̀wò kì í sábà sọ ohun tó gbé e wá síta. Wúyẹ́wúyẹ́ ló máa ń sọ ọ́ sí owó tàbí sí ọ̀pẹ̀lẹ̀. Babaláwo yóò dá Ifá, yóò wo èyí tó jáde nínú odù 256, yóò sì máa ki ẹsẹ rẹ̀ lọ títí ẹni náà yóò fi gbọ́ èyí tó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. Lẹ́yìn náà ni ẹbọ. Ohun tí ènìyàn gbọ́dọ̀ ṣe ni wọ́n ń wá níbẹ̀ ju ohun tó ń bọ̀ lọ.

Àwọn àlùfáà Áńgílíkà ka àyẹ̀wò sí ìbọ̀rìṣà, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń bá jà. E. M. Lijadu tẹ ìwé lórí Ifá jáde ní 1898, James Johnson sì tẹ tirẹ̀ lórí ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Yorùbá ní 1899. Ní 1920, àwọn onífá kan ní Èkó fèsì lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò retí: wọ́n dá Ìjọ Ọ̀rúnmìlà Adúláwọ̀ sílẹ̀, tó ní orin ìsìn àti ìwàásù bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ìjọ Ọ̀rúnmìlà Ato, tó jẹ́ ti irú ìsìn kan náà, fìdí kalẹ̀ sí Èbúté-Mẹ́ta.

Síbẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ìjọ Aládùúrà ni orogún tó le jù fún babaláwo ti wá. Ní 1925, Moses Orimolade àti Abiodun Akinsowon dá ẹgbẹ́ Séráfù sílẹ̀ ní Èkó. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn kó ère àti oògùn dànù, àmọ́ wọn kò ní kí wọ́n má ṣe béèrè nípa ọ̀la mọ́: wòlíì ń ríran, ó ń sọ ìran náà, ààwẹ̀ àti àdúrà sì gba ipò ẹbọ. Ìjọ Mímọ́ Sẹ̀lẹ́, tí S. B. Oschoffa dá sílẹ̀ ní Pọ̀tọ̀-Nófò ní 1947, bá àwọn apẹja wọ Makoko ní nǹkan bí ọdún 1950. Ìjọ náà kọ bíbọ òrìṣà pátápátá, síbẹ̀ aríran kò ṣeé yọ kúrò nínú ìsìn rẹ̀. Inú Séráfù ni Josiah Akindayomi pẹ̀lú ti jáde kó tó dá Ìjọ Ìràpadà sílẹ̀ ní Èbúté-Mẹ́ta ní 1952. Lónìí, àsọtẹ́lẹ̀ ọdún tuntun láti ẹnu olórí ìjọ náà máa ń wà nínú ìwé ìròyìn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ṣẹ́rẹ́. Ìjọ Mountain of Fire, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Onike ní Yaba, ló le jù nínú gbogbo wọn: májẹ̀mú tí baba ńlá ẹni bá babaláwo dá gan-an, wọ́n ní dandan ni kí a gbàdúrà já a.

Ní ti Mùsùlùmí, Kùránì, orí karùn-ún, ẹsẹ 90, ka ọfà ìṣẹ́gègé mọ́ ọtí àti tẹ́tẹ́. Hádíìsì kan tún sọ pé ẹni tó bá lọ bi aláfọ̀ṣẹ léèrè, ìrun ogójì ọjọ́ rẹ̀ kò ní jẹ́ àtẹ́wọ́gbà. Àdúrà Istikhara ni ẹ̀sìn fi lélẹ̀ fún ẹni tó ń ṣiyèméjì. Pẹ̀lú gbogbo èyí, àwọn alùfáà tó ń tẹ yanrìn kò tán ní Mushin. Àmì 16 ni yanrìn títẹ̀ ní, 16 náà sì ni ojú odù Ifá. Àwọn onímọ̀ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń tọ́ka sí ìbátan yìí, bí kò tilẹ̀ dùn mọ́ àwọn kan nínú ní mọ́ṣáláṣí.

Yunifásítì Èkó ní Akoka gbé ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò kúrò lórí pé ó tọ́ tàbí kò tọ́. Níbẹ̀ ni Wande Abimbola ti gboyè ọ̀mọ̀wé lórí Ifá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, gẹ́gẹ́ bí lítíréṣọ̀. Ní 2005, UNESCO ka Ifá mọ́ ogún àgbáyé. Ní oṣù Ògún 2023, ìjọba Èkó fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ìsinmi fún ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, ìsinmi náà sì kan onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí bó ti kan ẹni tó ń bọ Ifá.