Samuel Johnson Wo Lẹ Ń Wá?

Ẹ tẹ "Samuel Johnson" sínú kátálọ́ọ̀gù ilé ìkàwé ńlá èyíkéyìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òyìnbó ni yóò kún ojú ìwé: ọkùnrin tó ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1755, tó kú ní 1784. A ò bá ìyẹn jà. Ṣùgbọ́n Samuel Johnson tiwa ńkọ́, àlùfáà Ọ̀yọ́ tó kọ The History of the Yorubas?

Ìwé yìí ti rí sísọnù kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé. Hastings ní Sàró ni wọ́n ti bí Johnson ní 1846. Ó ṣiṣẹ́ ìjọ n'Íbàdàn, ó wà lára àwọn tó ń jíṣẹ́ àlàáfíà láàárín àwọn jagunjagun títí wọ́n fi tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ogun Kírìjì ní 1886. Ó ń bi àwọn àgbà ní ìtàn, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó parí ìwé náà ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí London, ibẹ̀ ló sì há sí. Ó kú ní 1901, kò rí i mọ́.

Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló kó àwọn àkọsílẹ̀ tó kù jọ, tó tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ó tún fi ránṣẹ́. Ní January 1916, ọkọ̀ ogun Jámánì gba ọkọ̀ òkun Appam tó gbé e, wọ́n wà á lọ sí Amẹ́ríkà, ìwé sì tún di àwátì fún bí ọdún méjì. Ọdún 1921 ló tó jáde. Obadiah náà ti kú ní 1920. Ẹ wo ìyà tó jẹ ìwé kan!

Ká wá ní ẹ̀ẹ̀kẹta, inú àpótí ìwákiri ló máa sọnù sí?

Lọ́dọ̀ àwa tá à ń kọ software, a mọ̀ pé orúkọ nìkan ò tó dá ènìyàn mọ̀. Àwọn onílé ìkàwé ti mọ̀ ọ́n ṣáájú wa. Ní 1841, Panizzi àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní British Museum gbé òfin 91 kalẹ̀ fún kátálọ́ọ̀gù, orúkọ òǹkọ̀wé sì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ dá lé. Bí orúkọ ènìyàn méjì bá dọ́gba, ọdún ìbí àti ọdún ikú ni àwọn onílé ìkàwé máa ń fi yà wọ́n. Nítorí náà, 1901 tàbí 1921 tí ẹ bá fi kún orúkọ Johnson, iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe.

Orúkọ òyìnbó tí wọ́n fún àwọn bàbá wa wà lára ohun tó fa wàhálà yìí. Mojola Agbebi, ajíhìnrere Onítẹ̀bọmi yẹn, David Brown Vincent ló ń jẹ́ títí di 1894. Ohun tó bá kọ ṣáájú ìgbà náà, Vincent ló wà lára rẹ̀. Bí kátálọ́ọ̀gù ò bá so orúkọ méjèèjì pọ̀, ìdajì ọkùnrin náà lẹ ó rí.

Àmì ohùn wa náà ní tirẹ̀. Lójú tiwa, "ọ́" kan náà ni, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà lè kọ ọ́ ní ọ̀nà bíi mẹ́ta, pàápàá bí ẹnì kan bá fi ìlà kékeré sísàlẹ̀ dípò ẹ̀sọ. Ẹ tẹ Wándé Abímbọ́lá, kí ẹ tún tẹ Wande Abimbola. Lórí àwọn ìkànnì kan, ohun tó máa jáde ò ní dọ́gba. Ọwọ́ àwa tá à ń kọ kóòdù lèyí kù sí, kì í ṣe ọwọ́ òǹkàwé.

Ní ti Johnson, ẹ fi ọ̀rọ̀ "Yorubas" tàbí "Obadiah" kún orúkọ rẹ̀. Ẹ̀dà 1921 wà lórí Internet Archive, ọ̀fẹ́ ni.