Àwọn Arìnrìn-àjò Tó Wá Ọ̀pẹ Kiri Ayé

Nikolaus Joseph von Jacquin ló kọ́kọ́ fún ọ̀pẹ wa ní orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é lónìí, àmọ́ ilẹ̀ Áfíríkà kọ́ ló ti rí i. Ìlú Leiden ní Netherlands ni wọ́n ti bí i. Olú-ọba Francis Kìíní tó ń jọba ní Vienna ló rán an lọ sí àwọn erékùṣù Caribbean lọ́dún 1754, pé kó lọ wá ewéko tí wọ́n lè gbìn sí ọgbà Schönbrunn. Nígbà tó dé Martinique, níbi tí àwọn ẹrú ti ń ro oko ìrèké, ó bá igi ọ̀pẹ lóòró níbẹ̀. Ọkọ̀ tó kó àwọn ará Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lọ sóko ẹrú ló gbé ẹyìn náà gba orí òkun kọjá. Ìwé Jacquin jáde lọ́dún 1763. Elaeis guineensis ló pe igi náà, kí ó lè hàn pé ilẹ̀ Guinea ló ti wá.

Ní ìletò Yorùbá, kò sẹ́ni tó ń múra ìrìn àjò láti lọ wo ọ̀pẹ. Ẹ̀yìnkùlé ló wà. Lára rẹ̀ ni epo pupa ti ń wá, àti àdín, àti ẹmu, àti ìgbálẹ̀, àti ìhá tí a fi ń dáná, àti imọ̀ tí a fi ń ṣe àtíbàbà. Fún àwọn ará ilẹ̀ olótùútù, ìyanu ni igi yìí àti gbogbo ìdílé rẹ̀, ìdílé tó ní ẹ̀yà bíi 2,600 káàkiri ayé. Torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe wọ ọkọ̀, tí wọ́n kọ́ ilé onígíláàsì, tí ẹ̀mí àwọn mìíràn sì bọ́ sínú rẹ̀. Bí ènìyàn bá tọ ipasẹ̀ wọn láti ọgbà dé igbó, ohun kan ń hàn lemọ́lemọ́: inú ọgbà ni wọ́n ti ń nífẹ̀ẹ́ ọ̀pẹ, ṣùgbọ́n ibi tí igi náà ti ṣẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn tó ń bá a gbé, ni wọ́n ti ń mọ̀ ọ́n.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pẹ tí àwọn ará Yúróòpù ti ń lọ wò tipẹ́tipẹ́ wà ní ìlú Padua, ní Ítálì. Ọdún 1545 ni wọ́n dá ọgbà ewéko ibẹ̀ sílẹ̀, ọdún 1585 ni wọ́n sì gbin ọ̀pẹ náà, ẹ̀yà kúkúrú kan tó máa ń hù ní etí òkun Mẹditaréníà. Ó ṣì wà láàyè. Goethe, akéwì ilẹ̀ Jámánì, dúró níwájú rẹ̀ lọ́dún 1786. Ó ṣàkíyèsí pé ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe gbọọrọ lásán, pé bí ojú ṣe ń gòkè ni ewé ń ya, títí tó fi dà bí abẹ̀bẹ̀. Àkíyèsí yìí wà lára ohun tó ta á jí láti ro bí ẹ̀yà ara ewéko kan ṣe ń para dà di òmíràn, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà jáde lọ́dún 1790. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe igi náà báyìí.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ní láti kúrò nínú ọgbà. Carl von Martius, onímọ̀ ewéko láti Munich, lọ sí Brazil lọ́dún 1817, ó sì fi nǹkan bí ọdún mẹ́ta rin igbó àti odò ibẹ̀. Nígbà tó padà délé, ó bẹ̀rẹ̀ ìwé ńlá alápá mẹ́ta lórí ìdílé ọ̀pẹ, tó kún fún àwòrán aláwọ̀ mèremère. Apá àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1823, iṣẹ́ náà kò sì parí kí ọdún 1850 tó dé.

Owó ọba kankan kò sí lẹ́yìn Alfred Russel Wallace ní tirẹ̀. Ọdún 1848 lòun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Henry Walter Bates, wọ ọkọ̀ láti England lọ sí ẹnu odò Amazon. Kòkòrò àti ẹyẹ tí wọ́n bá rí mú ni wọ́n ń tà fún àwọn tó ń kó irú wọn jọ, ohun tí wọ́n sì fi ń jẹun nìyẹn. Ọdún mẹ́rin ni Wallace fi gun àwọn odò ibẹ̀ nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n. Níbikíbi tó bá dé, ó ń ya àwòrán igi ọ̀pẹ, ó sì ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Wọ́n fi hàn án èyí tí wọ́n fi ń bo ilé, èyí tí wọ́n fi ń hun ibùsùn tí wọ́n ń so rọ̀, èyí tí wọ́n ń gbẹ́ inú rẹ̀ kí wọ́n lè máa fẹ́ ọfà láti ẹnu rẹ̀, àti èyí tí wọ́n ń mu omi èso rẹ̀.

Nígbà tó ń padà lọ sílé lọ́dún 1852, iná gba ọkọ̀ tó wọ̀ lójú agbami. Òun àti àwọn atukọ̀ bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré, ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n sì lò lórí omi kí ọkọ̀ mìíràn tó gbà wọ́n sílẹ̀. Ohun gbogbo tó kó jọ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bá iná lọ. Nínú ìwọ̀nba tó rí gbé jáde nínú àpótí ni àwòrán àwọn ọ̀pẹ rẹ̀ wà. Lọ́dún 1853, ó fi owó ara rẹ̀ tẹ ìwé kan lórí àwọn ọ̀pẹ Amazon àti ìwúlò wọn, ẹ̀dà 250 péré. Ìmọ̀ tí àwọn ará odò fún un ló kún inú rẹ̀.

Láàárín àkókò yẹn kan náà, àwọn ará London ti ń rí ọ̀pẹ wò láìkúrò nílé. William Hooker di olórí ọgbà Kew lọ́dún 1841. Láti 1844 sí 1848 ni Richard Turner, oníṣẹ́ irin láti Dublin, àti ayàwòrán-ilé Decimus Burton fi kọ́ ilé onígíláàsì kan síbẹ̀ fún ìdílé ọ̀pẹ. Irú irin tí wọ́n ń fi kan ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n tẹ̀ bí egungun ìhà, wọ́n wá fi gíláàsì bò ó. Gígùn ilé náà tó mítà 110, gíga àárín rẹ̀ sì tó mítà 20. Abẹ́ ilẹ̀ ni iná tó ń mú ilé náà móoru wà, èéfín rẹ̀ ń gba ihò kan lọ sí ilé gogoro tó dá dúró lókèèrè. Lónìí, ọmọ Yorùbá tó ń gbé London lè bá ọ̀pẹ onẹ́yìn pàdé nínú ilé yìí, ní apá tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún Áfíríkà, kí yìnyín sì máa bọ́ níta.

Láti Kew ni àwọn tó wá ọ̀pẹ dé ilẹ̀ wa ti gbéra. Charles Barter, tó ti kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, bá ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò tí William Baikie ṣáájú gun odò Ọya lọ́dún 1857. Samuel Àjàyí Crowther wà pẹ̀lú wọn. Ọkọ̀ wọn, Dayspring, kọlu àpáta nítòsí Jẹ́bà, ó sì fọ́. Barter ń bá iṣẹ́ lọ ní etí odò, ó ń kó ewé àti òdòdó jọ, kí àìsàn tó pa á ní Rabba lọ́dún 1859. Gustav Mann, ọmọ Jámánì, ni Kew rán rọ́pò rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ ní erékùṣù Fernando Po àti ní etí òkun tó yí i ká, ó sì gun òkè Kamẹrúùnù. Lọ́dún 1864, òun àti Hermann Wendland tẹ ìwé jáde lórí àwọn ọ̀pẹ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Inú rẹ̀ ni Raphia hookeri, igi tí à ń dá ọ̀gọ̀rọ̀ lára rẹ̀, ti gba orúkọ tó ń jẹ́ nínú ìwé. Wọ́n tún ṣàpèjúwe àwọn igi ẹlẹ́gùn-ún tó ń fà bí okùn gun orí igi mìíràn nínú igbó wa, àwọn tí pàǹkẹ́rẹ́ ti ń wá. Ìdílé ọ̀pẹ ni àwọn náà.

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó ti ń ya ọ̀pẹ kan sọ́tọ̀ sí èkejì kí onímọ̀ ewéko kankan tó dé. Ojú mẹ́ta ni ekùrọ́ sábà máa ń ní. Babaláwo kì í fi irú rẹ̀ ṣe ikin. Èyí tó ní ojú mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Auguste Chevalier, onímọ̀ ewéko ará Faransé, kọ nípa ẹ̀yà ọ̀pẹ kan tí ewé rẹ̀ lẹ̀ pọ̀ tí kò ya bíi ti yòókù. Idolatrica ló fi kún orúkọ rẹ̀ torí pé àwọn onílẹ̀ ń bọ̀wọ̀ fún un nínú ẹ̀sìn wọn. Ohun tí àwọn awo ti ń yẹ̀ wò láti ìran dé ìran ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú ìwé.

Ní òdìkejì òkun, ní Rio de Janeiro, João, aládé Portugal tó sá fún Napoleon wá sí Brazil, dá ọgbà kan sílẹ̀ lọ́dún 1808. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin ọ̀pẹ gíga kan síbẹ̀. Wọ́n ń sọ ọ́ ní Rio pé nígbà tí igi náà so, olórí ọgbà ní kí wọ́n máa sun èso rẹ̀ níná kí ẹlòmíràn má bàa ní irú rẹ̀, àti pé àwọn ẹrú ń gun igi náà lóru, wọ́n ń ká èso, wọ́n sì ń tà á. Bó ti wù kó rí, irú ọ̀pẹ yìí gba gbogbo Brazil kan, ó dúró ní ìlà méjì níwájú ilé àwọn ọlọ́lá. Àrá sán pa igi àkọ́kọ́ náà lọ́dún 1972.

Ọ̀pẹ onẹ́yìn kò nílò aládé kó tó fìdí múlẹ̀ níbẹ̀. Ní etí òkun Bahia, ó hù títí tó fi di igbó. Dendê ni wọ́n ń pe epo rẹ̀, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń dín acarajé, àkàrà tí àwọn ìyá wa gbé lọ. Màrìwò ṣì ń rọ̀ sẹ́nu ọ̀nà ilé òrìṣà ibẹ̀ títí dòní.

Ìrìn àjò ọ̀pẹ tó yí ọjà ayé padà jù lọ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1848, pẹ̀lú igi mẹ́rin péré. Ọgbà ewéko Buitenzorg, tó ń jẹ́ Bogor báyìí, ní erékùṣù Java, gba ọ̀dọ́ ọ̀pẹ méjì láti Amsterdam, ó sì gba méjì mìíràn láti àwọn erékùṣù òkun Íńdíà. Ohun tí àlejò ń wò ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́. Wọ́n mú irú wọn lọ sí Deli ní Sumatra, wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà oko tábà. Lọ́dún 1911, Adrien Hallet, ará Belgium, rí i pé àwọn igi ọ̀ṣọ́ wọ̀nyí ń so dáadáa, ó sì fi wọ́n ṣe oko ńlá ní Sumatra. Henri Fauconnier dá oko tirẹ̀ sílẹ̀ ní Selangor, ní Malaysia, lọ́dún 1917. Lónìí, Indonesia àti Malaysia ló ń pèsè èyí tó ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún epo pupa ayé.

Àmọ́ ohun kan kù tí wọn kò gbé dání nígbà tí wọ́n ń gbé ọ̀pẹ lọ. Akọ òdòdó àti abo òdòdó kì í sábà yọ pọ̀ lórí ọ̀pẹ kan náà, ohun kan sì gbọ́dọ̀ máa gbé lẹ́búlẹ́bú akọ lọ sí ara abo. Afẹ́fẹ́ ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ rò pé ó ń ṣe é. Ní Malaysia, ìdì ẹyìn kì í kún tó bó ṣe yẹ, àfi kí àwọn òṣìṣẹ́ máa lọ láti ìdí igi kan dé èkejì, kí wọ́n máa fi ọwọ́ fẹ́ lẹ́búlẹ́bú sí òdòdó. Nílẹ̀ wa, kò sí àgbẹ̀ tó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Rahman Syed, onímọ̀ kòkòrò láti Pakistan, ló lọ sí Kamẹrúùnù láti wo ọ̀pẹ níbi tó ti ń hù fúnra rẹ̀. Ó rí àwọn kòkòrò kékeré tó kún orí akọ òdòdó, tí lẹ́búlẹ́bú lẹ̀ mọ́ lára, tí wọ́n sì ń fò lọ sórí abo. Lẹ́yìn àyẹ̀wò gígùn, wọ́n tú wọn sílẹ̀ ní Johor lọ́dún 1981. Kò pẹ́ tí ìdì ẹyìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í kún, tí àwọn òṣìṣẹ́ sì fi iṣẹ́ fífẹ́ lẹ́búlẹ́bú sílẹ̀.

Ìṣòro kejì ni pé oko tó lọ salalu jẹ́ ọmọ igi mẹ́rin. Lọ́dún 1973, àwọn onímọ̀ Malaysia wá bá àwọn ará NIFOR, iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ tó wà nítòsí ìlú Benin. Wọ́n jọ rin ibi 45 ní Nàìjíríà, wọ́n kó ìdì ẹyìn 919 jọ láti inú ọ̀pẹ tí ẹnikẹ́ni kò gbìn. Wọ́n gbin irú wọn sí Kluang, ní Johor. Nínú wọn ni wọ́n ti rí ọ̀pẹ tí kì í tètè ga, èyí tó ń mú ẹyìn kíkó rọrùn.

Irú ìrìn yìí kò tíì dópin. Dent Smith dá ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Florida ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn. Àgbẹ̀, dókítà àti olùkọ́ ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ń jọ rìnrìn àjò lọ wo ọ̀pẹ lọ́gbà àti nígbó. Ní Madagascar, ẹni tó ń bójú tó oko kajú kan ṣalábàápàdé ọ̀pẹ arabaríbí kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ sínú ìwé, èyí tó máa ń tan òdòdó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó tó kú. John Dransfield àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Tahina spectabilis lọ́dún 2008. Wọ́n ta lára èso rẹ̀ fún àwọn ọgbà àti àwọn olólùfẹ́ ọ̀pẹ, owó rẹ̀ sì ran àwọn ará abúlé tó ń ṣọ́ ọ lọ́wọ́.

Ọmọ Nàìjíríà tó bá fẹ́ rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ kò ní láti wọ bàálù. Oko ìwádìí NIFOR wà ní ọ̀nà Benin sí Àkúrẹ́. Iléeṣẹ́ kan náà ní oko àgbọn ní Àgbádárìgì. Igbó Okomu ní àwọn igi pàǹkẹ́rẹ́ tó ń gun igi ńlá bí okùn. Láàárín wọn ni ẹkù àwọn ìyá elépo wà, àti igbà àwọn adẹ́mu, tí wọ́n mọ igi tó ń ṣẹmu àti igi tí epo rẹ̀ ń pọ̀. Àwọn ni Wallace ìbá kọ́kọ́ jókòó tì ká ní ó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ wa ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìwé àti ohùn tí a gbà sílẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀yà ọ̀pẹ kọ̀ọ̀kan bí àwọn àgbà ṣe ń pè é, nítorí ọmọ ọ̀pẹ wa ti wà ní Kluang, ṣùgbọ́n ìmọ̀ àwọn tó ń gùn ún kò bá a lọ.